Àwọn àṣìṣe tí a máa ń ṣe bí a bá fẹ́ kọ́ ọ̀dọ́ tí kò ríran níṣẹ́

Àṣìṣe tí ó burú jù kì í bẹ̀rẹ̀ ní ibi ìkọ́ṣẹ́. Ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó ti mọ bíréèlì, ìwé alámì tí a ń fi ìka ọwọ́ kà, kà yanjú ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lè wá sílé fún ìsinmi, kí ìyá rẹ̀ má sì jẹ́ kí ó bu omi mu fúnra rẹ̀, nítorí kí ó má baà ṣubú. Àánú ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi ọ̀pá funfun rìn láti ilé dé títì rí kò ní lè dé ibi iṣẹ́ lásìkò, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá tó. Ẹ kọ́ ọ ní ìrìn kí ẹ tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ẹ má sì ṣe yan iṣẹ́ fún un nítorí pé àwọn ará ìlú ń pè é ní iṣẹ́ afọ́jú. Ọṣẹ olómi kò burú, ṣùgbọ́n bí ogún ọ̀dọ́ bá jọ gba òmìnira ní ìlú kan náà, tí gbogbo wọn sì ń po ọṣẹ, ta ni yóò máa rà á?

Ohun tí a máa ń gbójú fò jù ni owó. ₦100, ₦200, ₦500 àti ₦1,000 kò fi ìwọ̀n yàtọ̀ síra wọn rárá, nítorí náà ó yẹ kí oníṣòwò tí kò ríran mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́nà tirẹ̀: bí àpẹẹrẹ, kí ₦1,000 wà ní títẹ́, kí ó ṣẹ́ ₦500 sí méjì, kí ó sì ṣẹ́ ₦200 sí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n èyí kò ràn án lọ́wọ́ nígbà tí oníbàárà bá ń na owó sí i, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń ná ọjà ní Ọjà Ọba l'Ádó ni ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó sàn kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì rẹ̀, kí fóònù sì ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí i létí kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe gbà fún ẹni tí ó bá ní àfi kí ẹ ra ètò olówó gọbọi. NVDA, tí àwọn afọ́jú méjì ará Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà jáde, ọ̀fẹ́ sì ni.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má tìtorí rẹ̀ jókòó sílé máa retí lẹ́tà. Bí wọ́n bá sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ẹni tí ó mú un lọ dúró síta. Mo ti rí bàbá kan tí ó dáhùn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi ọmọ rẹ̀, títí tí ọ̀gá ibẹ̀ fi dìde láìgbọ́ ohùn ọmọ náà rárá.