Àwàdà Olùkọ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Ẹ̀rín Gbé Àárẹ̀ Iṣẹ́

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi rín. Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí jù, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ tí a bá ń máàkì ìwé ìdánwò, tí ọwọ́ ti kú, tí ojú sì ti ṣú. Òwe náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilẹ̀ Èkìtì, mo ti rí oríṣiríṣi ẹ̀rín tí a ń fi òwe yìí gbè lẹ́yìn, tí kò tu ẹnikẹ́ni lára, tí òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ń bù kún àárẹ̀ tí a ní kí ó lé lọ.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí olùkọ́ sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ohun ẹ̀rín, èmi náà sì jẹ̀bi rẹ̀. Ní ọdún kan tí mo ń kọ́ kíláàsì JSS2 ní èdè Yorùbá, ọmọkùnrin kan kọ àròkọ lórí bí ó ṣe lo ìsinmi rẹ̀, ó sì kọ “ulé” dípò ilé àti “ùlú” dípò ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà: oòrùn ń mú, kò sí iná, ogójì ìwé sì ṣì wà nílẹ̀ tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Mo dìde, mo fi ohùn ìyá àgbà ka àròkọ náà sókè, ẹ̀rín sì gba gbogbo kíláàsì. Ara tù mí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní ti ọmọ náà, kò kọ ju ìlà mẹ́ta lọ nínú àròkọ kankan mọ́ títí tí sáà náà fi parí, bí mo bá sì pè é pé kí ó kàwé, ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé “ulé” ni èmi náà ń pè é bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Yorùbá àjùmọ̀lò kò gba kí fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè Èkìtì gbà á, nítorí náà òfin èdè tí ọmọ náà bá nílé ni ó tẹ̀lé. Àwàdà tí ó sàn ju èyí tí mo ṣe lọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, mo bi ọkùnrin kan pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ulé Bàbá Káfíńtà dà?” Ó ní òun mọ Bàbá Káfíńtà dáadáa, ṣùgbọ́n òun kò mọ Ulé. Ká ní ìtàn yẹn ni mo sọ, kíláàsì ì bá rẹ́rìn-ín bákan náà, orí mi ni ẹ̀rín ì bá dá lé, a ì bá sì ti ibẹ̀ kọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èdè ilé àti èdè ìwé.

Ní ọdún 2003, Rod Martin, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní orílẹ̀-èdè Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà lo àwàdà sí mẹ́rin: èyí tí ń so ènìyàn pọ̀, èyí tí ènìyàn fi ń gbé ọkàn ara rẹ̀ ró, èyí tí a fi ń gún ẹlòmíràn lára, àti èyí tí ènìyàn fi ń tẹ́ ara rẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè rí nǹkan rín. Ẹ̀kẹta ni mo lò fún ọmọ yẹn.

Ẹ̀kẹrin ni àṣìṣe tí a kì í kà sí àṣìṣe. Gbogbo wa ni a mọ “èrè olùkọ́, ọ̀run ni ó wà.” A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà tí owó oṣù bá pẹ́, kò sì burú láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ń wí i níwájú kíláàsì ní ojoojúmọ́, tí ó ń fi bàtà rẹ̀ tí ó ti jẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ní ìpínlẹ̀ tí a ti ń pè ní Orísun Ìmọ̀, kí ni ó fẹ́ kí ọmọ tí ó ń rò ó pé òun náà yóò ṣe iṣẹ́ olùkọ́ gbà gbọ́?

Fífi fọ́tò ìdáhùn ìdánwò àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ má ṣe é. Orúkọ ọmọ wà lórí ìwé náà.

Àṣìṣe tí ó fara sin jù ni kí a máa pe ìkorò ní ọgbọ́n ẹ̀fẹ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàpèjúwe àárẹ̀ iṣẹ́ tí a kò bójú tó gẹ́gẹ́ bí ohun tí iṣẹ́ ń fà, wọn kò pè é ní àìsàn, wọ́n sì dárúkọ àmì mẹ́ta: kí okun ènìyàn tán, kí ọkàn rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ náà tàbí kí ó máa fojú burúkú wò ó, àti kí agbára rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ dínkù. Àmì kejì yìí máa ń wọ aṣọ aláwàdà. Olùkọ́ tí kò sí gbólóhùn kan lẹ́nu rẹ̀ nípa àwọn ọmọ tí kì í ṣe èébú, tí gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni ó yẹ kí ẹnì kan fà sẹ́yìn kí ó bi í pé, “Ṣé kò sí?”

Lẹ́yìn èyí ni fífi àwàdà rọ́pò ẹ̀bẹ̀. Nígbà kan, kíláàsì márùn-ún ni mo ń dá kọ́. Mo tọ ọ̀gá àgbà lọ, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ pé ó ti rẹ̀ mí, ni mo bá ní kí wọ́n bá mi wá ibùsùn sí ẹ̀gbẹ́ pátákó ìkọ̀wé. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ẹnu mi dùn, mo sì padà sínú kíláàsì márààrún. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo kọ lẹ́tà olójú-ewé kan, mo ka iye ìwé tí mo ń máàkì sínú rẹ̀, n kò sì fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i. Wọ́n gba kíláàsì méjì kúrò lọ́wọ́ mi kí oṣù tó parí, wọ́n sì bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ ibùsùn náà.