Bí A Ṣe Ń Yan Táyà Kẹ̀kẹ́ Eré-Ìje fún Ojú Ọ̀nà Abẹ́òkúta

Kí ẹni tó fẹ́ ra táyà kẹ̀kẹ́ eré-ìje ní Abẹ́òkúta tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ọ̀nà tó máa ń gbà ló yẹ kó kọ́kọ́ rò. Láti Ọbáńtokò títí dé Ọ̀dẹ̀dá, ọkọ̀ típà tó ń kó òkúta fífọ́ kì í wọ́n lójú títì, èyí tó bá sì já bọ́ nínú ẹrù wọn, etí títì ni yóò sùn sí, níbi tí oníkẹ̀kẹ́ ti ń wá ààyè gbà. Lójú ọ̀nà Ṣágámù, wáyà ló burú jù. Táyà tírélà tó bẹ́ máa ń fi wáyà tín-ín-rín sílẹ̀, tí ẹni tó wà lórí eré kò lè rí. Yóò wọ inú rọ́bà, yóò sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan túùbù, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Táyà tó fúyẹ́ jù lọ lórí àtẹ kò lè pẹ́ ní irú ọ̀nà báyìí, bó ti wù kí orúkọ ara rẹ̀ lókìkí tó.

Nítorí náà, ẹni tó bá lágbára rẹ̀, kó ní oríṣi méjì. Èyí tí a ó fi máa gbára dì lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní rọ́bà tó nípọn láàárín, kó ní ìpele ààbò lábẹ́ rọ́bà náà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lágbára, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni òkúta mímú máa ń ya. Irú rẹ̀ ni Continental Gatorskin, tí àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn mọ̀ dáadáa. Àléébù irú táyà bẹ́ẹ̀ ni pé ó wúwo díẹ̀, rọ́bà rẹ̀ sì le, kì í fi bẹ́ẹ̀ di títì mú tí òjò bá ti rọ̀. Táyà ìdíje, bíi Grand Prix 5000 tàbí Vittoria Corsa, fẹ́lẹ́, òwú inú rẹ̀ rọ̀, ó ń yí wẹ́rẹ́, ó sì ń di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ti oríṣi kan lọ, ti ìgbáradì ni kó rà, kó sì fi í díje. Àkókò kékeré tí yóò pàdánù kò tó nǹkan kan lára ohun tí ẹni tí táyà rẹ̀ jò láàárín ìdíje yóò pàdánù.

Lórí ìwọ̀n, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà nìkan gbọ́. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà: ọ̀kan bíi 700x25C, èkejì bíi 25-622. Èkejì yìí ló dájú jù, torí pé 25 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà, 622 sì ni ìwọ̀n ibi tí etí táyà ti jókòó lórí ríìmù. Wọ́n tún máa ń kọ 28, ní íǹṣì, sára táyà kẹ̀kẹ́ eré-ìje kan, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń gùn náà ń lo táyà tí wọ́n ń pè ní 28, tí ìwọ̀n tirẹ̀ sì jẹ́ 635. Méjèèjì kò bára mu rárá. Tí kò bá sí 622 lára rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ní ti fífẹ̀, mílímítà 23 ni gbogbo ayé ń lò ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Lónìí, 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun ń lò. Lórí títì tí kò dán, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó le bí igi máa ń sọ kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún sókè, agbára tó yẹ kó gbé wọn síwájú á sì ṣòfò. Fún Abẹ́òkúta, 28 ni mo fara mọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí bíréèkì wọn ń di ríìmù mú kò gbà ju 25 lọ. Ẹ wọn àlàfo abẹ́ bíréèkì àti ti àárín fọ́ọ̀kì kí ẹ tó sanwó, kí ó ku nǹkan bíi mílímítà 4 yí táyà ká.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe táyà tó dára báṣubàṣu. Iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ òpin tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Kì í ṣe iye tó yẹ kí a fà sí i. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70 lè bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi psi 85 (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí gééjì ń fi hàn) fún 25, àti 72 fún 28, kó fi díẹ̀ kún ti ẹ̀yìn, kó sì dín in kù díẹ̀ ní ọjọ́ òjò. Ẹ̀rọ fọ́kánáísà ẹ̀bá ọ̀nà dára fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n túùbù kẹ̀kẹ́ kéré, ó lè kún kọjá ààlà kí onítọ̀hún tó wo gééjì. Tí fáàfù yín bá sì jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní ìdè kékeré lórí, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ láìsí adápítọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi idẹ ṣe. Páǹpù ẹlẹ́sẹ̀ tó ní gééjì tirẹ̀ wà lára ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ gba táyà náà sọ́wọ́. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ síta nínú oòrùn láti ọjọ́ pípẹ́ máa ń gbẹ; ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká pẹ̀lú àtàǹpàkò, ẹ ó rí i tí ìlà wẹ́wẹ́ yóò yọ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ yí ká bóyá òwú ti yọ síta, ẹ sì wo inú rẹ̀ bóyá wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ ọn. Fún tòkunbọ̀, ẹ wo àárín ojú rẹ̀: tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kó rí rogodo, ó ti jẹ tán. Àwọn táyà kan ní ihò kékeré méjì fún ìdánwò yìí. Bí ihò náà bá ti parẹ́, táyà ti parí. Ẹ má ṣe dààmú pé kò ní ọ̀nà omi lójú bíi ti mọ́tò, nítorí táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé omi kò lè gbé e sókè.

Táyà tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ríìmù, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ ń tẹ̀ lé lẹ́yìn. Èyí tí kò lo túùbù dára, ṣùgbọ́n omi tó ń dí ihò nínú rẹ̀ máa ń gbẹ nínú ooru, ẹ ó sì máa bù kún un.

Táyà ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù jù, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Tó bá jẹ, ẹ gbé ti iwájú sẹ́yìn, kí ẹ fi tuntun síwájú. Ẹ má ṣe gbé èyí tó ti jẹ síwájú láéláé, nítorí táyà iwájú tó bá yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò gbé èèyàn ṣánlẹ̀ kó tó mọ̀. Táyà ìdíje, ẹ dè é ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ gùn ún díẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó jókòó dáadáa.

Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ òkúta àti wáyà tó bá há sójú táyà. Kí ẹ sì gé ike ọ̀ṣẹ ìfọyín tó ti tán sínú àpò: bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya lọ́nà, òun ni ẹ ó tẹ́ sí àárín táyà àti túùbù. Owó bébà ni àwọn òyìnbó máa ń lò fún èyí, ṣùgbọ́n òfin CBN ti ọdún 2007 kò gbà kí a ba náírà jẹ́. Ẹ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀, ẹ rọra gùn ún dé ilé, kí ẹ sì wá òmíràn, torí ẹ̀gbẹ́ tó ti ya kò ṣeé lẹ̀.