Ìlà kan kọjú sí Ẹ̀pẹ́, ìlà kan kọjú sí Ìbàdàn

Ìṣó ńlá kan àti òòfà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé báwo ni irin, tó jẹ́ ti òòfà, ṣe lè di superconductor, ìyẹn ohun tí iná mànàmáná ń gbà kọjá láìpàdánù rárá. Mo rí i pé ṣọ́ọ̀kì kò lè dá a lóhùn.

Mo kó wọn lọ sí ìsọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Bàbá fi wáyà so ìṣó kọ́, wọ́n tì í bọ inú iná, ẹwìrì ń fẹ́ títí ìṣó fi pọ́n yòò. Wọ́n yọ ọ́, mo sún òòfà mọ́ ọn: kò mira. À ń wò ó. Bí pípọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣú lọ, lójijì ló fò mọ́ òòfà!

"Tíṣà, láti ọjọ́ tí mo ti ń rọ irin, n kò kíyè sí èyí rí," ni bàbá wí.

Ní 770°C ni irin ń pàdánù òòfà rẹ̀; ooru ti tú àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-tìn-tín inú irin tó ń gbé iná mànàmáná, tó jọ kọjú síbì kan náà ká.

Lọ́jọ́ kejì, a bọ́ sí pápá. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà tẹ́lẹ̀ ni pé òòfà ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó bá so pọ̀ ká, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láìsí ìsopọ̀ yẹn kò sí superconductor. Ìdí nìyí tó fi ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ní 2008, nígbà tí Hideo Hosono àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánì po irin, arsenic, lanthanum, oxygen àti fluorine díẹ̀ pọ̀, tí àpòpọ̀ náà sì di superconductor ní −247°C.

Mo to ọmọ mẹ́rìndínlógójì sí ìlà mẹ́fà: ìlà kan kọjú sí Ẹ̀pẹ́, èyí tó tẹ̀lé e kọjú sí Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ títí dópin. Bí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù irin ṣe ń tò nínú àpòpọ̀ barium, irin àti arsenic nìyẹn, tó bá ti tutù kọjá nǹkan bíi −135°C. Apá kan ń pa ìkejì rẹ́, òòfà kì í hàn síta.

Mo wá ní kí gbogbo wọn tú ká, kí wọ́n wá ẹnìkejì. Ariwo ta, wọ́n ń kọlura. Àṣìṣe mi ni. A kì í lé òòfà lọ pátápátá, ńṣe là ń dẹ̀ ẹ́. Tí potassium bá rọ́pò díẹ̀ nínú barium, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á dín kù, ìlà á tú, ṣùgbọ́n ìmìtìtì òòfà náà ṣì wà, òun sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ń ṣe alárinà tó ń so ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ ní méjì-méjì. Nígbà tí potassium bá gba nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún, àpòpọ̀ náà ń di superconductor tó bá ti tutù dé −235°C.

A tún un tò. Mo yọ ọmọ díẹ̀ kúrò, mo ní kí kálukú di ẹni tó kọjú sí òdìkejì rẹ̀ mú. Méjì-méjì ni wọ́n rìn dé ẹnu géètì, ẹnì kankan kò kọlu ẹnìkejì.