Òtútù abẹ́ ibùsùn: alẹ́ kan lórí òkè Springer

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń lọ sun inú igbó ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti di ọdẹ ni, àbí ẹ ò rówó ilé san mọ́?" Mo ní fàájì ni o. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá gbàdúrà gígùn kan.

Atlanta là ń gbé. Ọgbà Amicalola Falls wà lápá àríwá Georgia, kò ju bíi wákàtí méjì lọ pẹ̀lú mọ́tò. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ti gùn tó máìlì 8.8 dé orí òkè Springer, níbi tí Appalachian Trail fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tó la ìpínlẹ̀ 14 kọjá títí dé Maine. Àwọn kan máa ń rin gbogbo rẹ̀, ó lé ní máìlì 2,190. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀: Sátidé lọ, Sọ́ńdè bọ̀, nínú oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n wa kan, tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí, gbé òṣùwọ̀n wá sílé mi lálẹ́ Fúráìdè. Kílò 17 ni báàgì mi. Ó tú u sílẹ̀. Ó yọ ṣòkòtò jíìnsì méjì, ó yọ ìkòkò, ó yọ ata gígún tí mo rọ sínú ìgò. "Àbúrò, ta ló máa bá ẹ gbé e?" Ó ku kílò 12. Gàrí nìkan ni kò fọwọ́ kàn: ó fúyẹ́, kò nílò iná, ó sì ń wú níkùn. Ó tún ní kí n mú ìbora ìsàlẹ̀ dání, èyí tí wọ́n ń so sábẹ́ hammock, ìyẹn ibùsùn aṣọ tí wọ́n ń so sáàárín igi méjì. Mo ní mo mọ ọyẹ́ dáadáa, kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ ná.

Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ Amicalola ga tó ẹsẹ̀ bàtà 729, àtẹ̀gùn 604 ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, mo rò pé kò sí àtẹ̀gùn tó tún lè bà mí lẹ́rù mọ́. Àmọ́ n ò gbé kílò 12 pọ̀n lọ sí Ìdànrè. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn yẹn, àmì búlúù tí wọ́n kùn sára igi là ń tẹ̀ lé, òkè kan tẹ̀ lé òmíràn, títí a fi rí àmì funfun àkọ́kọ́ ti Appalachian Trail lórí Springer ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí àlejò ń kọ orúkọ sí. Mo kọ tèmi pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.

A kọjá síwájú díẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ àgọ́ onígi tó wà níbẹ̀, láti so hammock wa. Igi méjì tó nípọn tó itan àgbàlagbà, tí kò tíì kú, tí àárín wọn tó ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n ní ká kọ́kọ́ gbójú sókè wo ẹ̀ka gbígbẹ; ó ní òun ń bẹ̀rù rẹ̀ ju béárì lọ. Bẹ́líìtì fífẹ̀ la fi yí igi ká, torí okùn tín-ín-rín a máa gé wọ èèpo igi. Mo fa tèmi le bí awọ gángan. Bí mo ṣe wọ inú rẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì pa dé mọ́ mi, mo di mọ́ínmọ́ín elewé. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán kí wọ́n tó ṣàlàyé: jẹ́ kí bẹ́líìtì dagun wálẹ̀ tó ìwọ̀n dígírì 30, kí aṣọ náà rọ̀, kí o sì dùbúlẹ̀ ní ìdábùú, orí sí òsì, ẹsẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹ̀yìn mi tẹ́jú lójú ẹsẹ̀.

A kó gbogbo oúnjẹ kọ́ sókè lórí okùn irin nítorí béárì. Gbogbo rẹ̀ kọ́ o, mo fi ọ̀rá kúlíkúlí kan sílẹ̀ nínú àpò kóòtù mi. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo rántí. Mo fi tọ́ọ̀ṣì orí rìn lọ kọ́ ọ, mò ń kọrin sókè kí béárì lè mọ̀ pé ènìyàn ni.

Aago kan òru ni mo jí. Àyà mi gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi tutù bí ẹni sùn lórí yìnyín. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpò ìsùn ló ń múni gbóná. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ lé e, mo ti fún gbogbo rẹ̀ jáde, atẹ́gùn òkè sì ń fẹ́ gba abẹ́ mi kọjá. Ìbora ìsàlẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n sọ, ìta aṣọ ni wọ́n ń so ó sí, torí náà ara kì í tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ́ kóòtù òjò sábẹ́ mi, mo ki báàgì òfìfo sábẹ́ ẹsẹ̀, mo se omi, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo sì gbé e há itan. Oorun tó gbé mi lọ lẹ́yìn náà kò tó wákàtí mẹ́ta.

Láàárọ̀, a sẹ́ omi ìsun, a fi mu gàrí. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé, "Ọyẹ́ ńkọ́?" N ò dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ajé ni mo ra ìbora náà. Ìyàwó mi ò tíì mọ iye tí mo rà á.