Bí mo ṣe kọ́ èdè Swídìn lórí fóònù kí n tó lọ bá ọkọ mi

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìwé ẹ̀rí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kò lè dá dúró ní Swídìn. Socialstyrelsen, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera níwèé àṣẹ níbẹ̀, sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó kàwé rẹ̀ lẹ́yìn odi Yúróòpù gbọ́ èdè àwọn dé ìpele C1, ìpele gíga nínú òṣùwọ̀n èdè tó bẹ̀rẹ̀ láti A1. Ọkọ mi ti wà ní Göteborg, ó ní kí n má wulẹ̀ dúró de físà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń ṣe fún àlejò, tí wọ́n ń pè ní SFI, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ ló wà fún. Orí fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láàárín iṣẹ́ alẹ́ àti ọmọ títọ́.

Learning Swedish, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Svenska institutet, àjọ ìjọba Swídìn kan, gbé kalẹ̀, ni mo fi ṣe òpó. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, ó sì gbé mi láti A1 dé B1. Duolingo, áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè, wà fún inú ọkọ̀. Kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣá lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó bá rò pé òun nìkan ló máa sọ òun di elédè ń tan ara rẹ̀ jẹ. Nígbà tó yá, mo wá olùkọ́ kan tí mò ń sanwó fún, ìyá àgbà kan láti Malmö ní gúúsù Swídìn, a sì ń rí ara wa lórí fídíò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òru tí dátà dínwó ni mo máa ń gba gbogbo ohùn tí mo fẹ́ gbọ́ sórí fóònù.

Lẹ́tà 29 ni wọ́n ní. Å, Ä àti Ö ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn Z. Ẹnu Yorùbá tètè mọ méjì nínú wọn: Ä sún mọ́ ẹ wa, Å gígùn dà bí o, kúkúrú rẹ̀ dà bí ọ. Àmọ́ O tiwọn gan-an, u ló sábà máa ń dún, bíi nínú bok, ìwé, àti stol, àga. Tí ẹ bá fẹ́ pe Y, ẹ sọ i kí ètè yín ṣù roboto. Tó bá jẹ́ Ö, e ni kí ẹ sọ pẹ̀lú ètè roboto kan náà. Ẹ tún ṣọ́ gígùn fáwẹ́lì. Ett glas, ife ìmumi ni. En glass, tí fáwẹ́lì rẹ̀ kúrú, áásìkiriìmù ni.

Orúkọ iṣẹ́ mi ló fẹ́ pa mí: sjuksköterska. Ìró kan náà ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, sj níwájú, sk láàárín. Ètè á ṣù, èémí á ti ọ̀nà ọ̀fun jáde bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ fìtílà pa. Ìró yẹn náà ni stj nínú stjärna, ìràwọ̀, àti -tion nínú station. Ṣ wa kò sọnù o, tj ló sún mọ́ ọn: tjugo, ogún. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ṣ ka sju, eéje.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kò ní wàhálà lójú ọmọ Yorùbá. Jag sover, du sover, vi sover, bí a ṣe ń sọ pé mo sùn, o sùn, a sùn; kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe nítorí olùwà. Ẹni tó ti jìyà lọ́wọ́ Faransé rí á mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni mo lo gbogbo agbára mi lé lórí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní agbo tirẹ̀, en tàbí ett. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ en, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó máa sọ fún yín pé ibùsùn jẹ́ en, pé egbò jẹ́ ett. Ẹ ní láti mọ̀ wọ́n bí ẹ ṣe ń mọ èèyàn, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ “náà” nìkan ló rọ̀ mí lọ́rùn, torí pé ẹ̀yìn ló wà bíi tiwa, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ni: ibùsùn náà, sängen; egbò náà, såret.

Lórí Anki, áàpù káàdì tí mo fi ń há ọ̀rọ̀ sórí, n kì í kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ní òun nìkan. Yorùbá wà lójú kan káàdì, Swídìn wà ní ojú kejì, mẹ́ta pọ̀: ẹyọ, ẹyọ pẹ̀lú “náà”, àti ọ̀pọ̀. Abẹ́rẹ́: en spruta, sprutan, sprutor. Ibùsùn: en säng, sängen, sängar. Aláìsàn: en patient, patienten, patienter. Ọkàn: ett hjärta, hjärtat, hjärtan. Egbò: ett sår, såret, sår. Ẹ wò ó, ọ̀nà márààrún tí wọ́n ń gbà sọ ẹyọ di ọ̀pọ̀ ti pé sínú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Mo ní kí n wo Lexin, ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún àlejò. Sòmálì wà níbẹ̀, Tìgrínyà wà níbẹ̀, Lárúbáwá wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí. Swídìn sí Swídìn ni mo wá ń lò, ó sì ṣe mí láǹfààní ju bí mo ṣe rò lọ.

Ibi tí inú mi ti dùn jù ni pé èdè wọn ní ohùn. Kì í ṣe bíi tiwa tí sílébù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀; oríṣi méjì péré ni, akut àti grav, ọ̀rọ̀ odidi ló sì ń gbà á. Ẹ mú anden. Tó bá jẹ́ akut, pẹ́pẹ́yẹ náà ni. Tó bá jẹ́ grav, ẹ̀mí náà ni. Lẹ́tà kan náà, bí wọ́n ṣe tò ó náà ni. Irú ọ̀rọ̀ méjì-méjì bẹ́ẹ̀ lé ní 300. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí mo rí fún olùbẹ̀rẹ̀ kò mẹ́nu bà á rárá. Kò jọ pé Yorùbá kankan wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ wọ́n.

Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́nu ará Stockholm, ohùn pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè lẹ́ẹ̀kan; mo kọ ọ́ ní àndén. Ti ẹ̀mí ga, ó já wálẹ̀, ó tún ga. Mo kọ ọ́ ní ândén. Flickor, àwọn ọmọbìnrin, bíi ti ẹ̀mí ni. Sjukhus, ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni, torí ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ wọn sábà máa ń gba grav. Àwọn ìwé atúmọ̀ wọn kan náà ń lo ´ fún akut àti ` fún grav; ẹ má fi ojú dò-rè-mí wò ó o. Nígbà tí mo ka àwọn ọ̀rọ̀ mi sí olùkọ́ létí, ẹ̀rín pa á, ó ní Stockholm pọ́ńbélé ni mò ń sọ. Lẹ́nu tirẹ̀ ní gúúsù, òkè kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní, ibi tí òkè náà bọ́ sí ló yàtọ̀. R rẹ̀ sì ń ti ọ̀fun wá. Àwọn elédè Swídìn ní Fínlándì kò tilẹ̀ ní ìyàtọ̀ yìí rárá. Mo bi í pé èwo ni kí n mú. Ó ní kí n mú ti rédíò, bí mo bá dé Göteborg, etí mi á ṣe ìyókù.

Nínú gbólóhùn, àyè kejì, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ni ín. Jag arbetar idag, mo ń ṣiṣẹ́ lónìí. Bí idag bá bọ́ síwájú, jag á sún sẹ́yìn: Idag arbetar jag. Àwa ń sọ pé “lónìí mo ń ṣiṣẹ́”, ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi ń fẹ́ kọ́kọ́ pe jag. Mo ya àpótí-àpótí sínú ìwé, mo kun èkejì ní pupa, mo sì ń to ọ̀rọ̀ sínú wọn títí ó fi mọ́ mi lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni BIFF, bí àwọn olùkọ́ ṣe ń pe òfin pé nínú awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, inte, ìyẹn “kò” tiwọn, ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Han kan inte sova: kò lè sùn. Tí mo bá wá ń jábọ̀ fún dókítà: Patienten säger att han inte kan sova. Inte ti fo ọ̀rọ̀-ìṣe “kan” kọjá.

Ohun kéékèèké míì: orí ń fọ́ mi, Jag har ont i huvudet. Èèyàn ló ní ìrora, orí kò ṣe nǹkan kan. Aago méje ààbọ̀ ni halv åtta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ ẹ̀jọ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré. Mormor ni ìyá ìyá, farmor ni ìyá bàbá.

Du, ìyẹn “ìwọ”, ló wúwo lẹ́nu mi ju sj lọ. Olùkọ́ mi dàgbà ju ìyá mi lọ, ó sì ní kí n máa pe òun lórúkọ, kí n máa pe òun ní du. Ó sọ fún mi pé ní 1967, Bror Rexed tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá àgbà Medicinalstyrelsen, iléeṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera, kéde fún àwọn òṣìṣẹ́ pé du ni òun á máa bá gbogbo wọn sọ. Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń dá. Kó tó dìgbà náà, oyè ni wọ́n fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n á kọjú sí dókítà gan-an, wọ́n á ní “Ṣé Dókítà fẹ́ kọfí?” Ká sòótọ́, ìyẹn yé mi ju du lọ. Mo fẹ́ sá sábẹ́ “ni” tiwọn, tí wọ́n fi ń pe èèyàn púpọ̀, torí ó jọ ẹ wa. Olùkọ́ ní rárá, pé àwọn àgbà míì á rò pé ṣe ni mò ń ta kété sí àwọn.

Nígbà tí mo parí B1, mo bọ́ sórí 8 Sidor, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fi èdè tó rọrùn kọ, àti Radio Sweden på lätt svenska. Mo máa ń gbọ́ ìròyìn kan, máa kà á sókè tẹ̀ lé wọn, máa tún un gbọ́. Físà jáde, mo dé Göteborg, wọ́n dán mi wò ní SFI, wọ́n sì fi mí sí kọ́ọ̀sì D, èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni svenska som andraspråk, ẹ̀kọ́ Swídìn gẹ́gẹ́ bí èdè kejì, lẹ́yìn ìyẹn C1 àti ìdánwò Socialstyrelsen. Orúkọ àìsàn àti oògùn ló kún Anki mi báyìí, pẹ̀lú en àti ett wọn.