Mákírò tó ń kun èsì ìdánwò lódìlódì: ibi tó ti ń bàjẹ́ àti bí a ṣe ń tún un ṣe

Bí òpin táàmù bá ti ń sún mọ́, broadsheet ilé ìwé (ìwé tí a to máàkì gbogbo kíláàsì sí) a máa kún orí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń tẹ̀wé láti Takie dé Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó máa ń sú ènìyàn láti fi ọwọ́ kun máàkì tí kò tó, kíláàsì kan tẹ̀lé òmíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ Record Macro nínú Excel, kí ó gba ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ kí ó lè máa tún un ṣe fúnra rẹ̀ (ohun tó gbà sílẹ̀ yìí ni mákírò), wọ́n á ṣe Conditional Formatting, ìyẹn òfin tó ń kun sẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa pe mákírò náà fún kíláàsì tó kù. Ó máa ń dára lórí JSS 1A. Tó bá dé JSS 1B, ọmọ tó gba 82 ni yóò pọ́n bí ata, ẹni tó gba 31 á wà ní funfun gbáú.

Excel kọ́ ló ya wèrè. Ìgbà tí ẹ ń gba mákírò sílẹ̀, kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ọwọ́ yín ló ń wò. Ibi tí ẹ tẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tí ẹ dúró lé, iye ìlà tó wà lójú ìwé lọ́jọ́ náà, ohun tó kọ sílẹ̀ nìyẹn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a ka ohun tó kọ, kí a wo ibi tí kò ti bá ìwé tuntun mu.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò nìyí: nọ́ḿbà wà ní òpó A, orúkọ ní B, tẹ́ẹ̀sì lórí 40 ní C, ìdánwò lórí 60 ní D, àpapọ̀ ní E. Ọmọ àkọ́kọ́ wà ní ìlà 5, ẹni ìkẹyìn ní ìlà 44. A fẹ́ kí gbogbo ìlà ọmọ tí àpapọ̀ rẹ̀ kò pé 40 pọ́n, nítorí pé 0 sí 39 ni F9 nínú máàkì WAEC.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sọ́tọ̀ ná. Bí mákírò bá ti ṣiṣẹ́ tán, Ctrl+Z kò lè dá ohun tó ṣe padà, kò tilẹ̀ ní dá ohun tí ẹ fọwọ́ ṣe ṣáájú rẹ̀ padà mọ́. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà yóò tún broadsheet tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mákírò bá ti pòórá pátápátá nígbà tí ẹ tún fáìlì ṣí, .xlsx ni ẹ fi pamọ́. Irú fáìlì yẹn kì í gbé mákírò. Ẹ lo Save As, kí ẹ yan Excel Macro-Enabled Workbook, èyí tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .xlsm. Bí fáìlì bá wá láti íméèlì tí Excel sì sọ pé òun ti dí mákírò rẹ̀, ẹ pa á dé, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀ nínú fódà, ẹ lọ sí Properties, ẹ fi àmì sí Unblock nísàlẹ̀, kí ẹ tẹ OK. Ẹ má ṣe èyí fún fáìlì tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é o. Fóònù ńkọ́? Excel orí fóònù kò lè lo irú mákírò yìí, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a ń ṣí nínú bíráúsà. Kọ̀ǹpútà nìkan ni.

Ẹ ka ohun tó gbà sílẹ̀

Ẹ tẹ Alt+F11. Ní apá òsì, ẹ ṣí Modules, ẹ tẹ Module1 lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ẹ máa rí kò ní jìnnà sí èyí:

```
Range("A5:E44").Select
Selection.FormatConditions.Add Type:=xlExpression, _
    Formula1:="=$E5<40"
Selection.FormatConditions(Selection.FormatConditions.Count).SetFirstPriority
With Selection.FormatConditions(1).Interior
    .PatternColorIndex = xlAutomatic
    .Color = 255
    .TintAndShade = 0
End With
Selection.FormatConditions(1).StopIfTrue = False
```

Ìlà àkọ́kọ́ ti so mákírò mọ́ A5:E44. Bí JSS 1B bá ní ọmọ 52, àwọn 12 ìkẹyìn kò ní rí àwọ̀ kankan. Èyí ló rọrùn jù láti rí, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ wà lórí ìlà kejì.

Sẹ́ẹ̀lì tí ẹ dúró lé

Fọ́múlà `=$E5<40` kò túmọ̀ sí "bẹ̀rẹ̀ láti E5". Excel ń ka 5 yẹn láti ibi tí kásọ̀ wà, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó funfun láàárín èyí tí ẹ yàn. Bí ẹ bá dúró lé A5, 5 túmọ̀ sí "ìlà tí mo wà gan-an". Bí ẹ bá dúró lé A9, 5 kan náà di "ìlà mẹ́rin sókè mi". Nígbà náà, A5 á máa wo E1 níbi tí orúkọ ilé ìwé wà, máàkì ọmọ tó wà ní ìlà 5 á sì máa kun ọmọ tó wà ní ìlà 9. Ìdí tí ẹni tó gba 82 fi pọ́n nìyẹn: máàkì ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wàhálà yìí máa ń gbà wọlé. Èkíní, ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ fa máòsì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ máa rí `Range("E44").Activate` lábẹ́ ìlà Select. Ó dúró lé E44, ó sì kọ fọ́múlà ìlà 5. Èkejì, ẹnì kan gbọ́ pé Select kò dára, ó yọ ọ́, ó fi `Range("A5:E44").FormatConditions.Add` rọ́pò rẹ̀. Kóòdù náà dára lójú, ṣùgbọ́n ibi yòówù tí kásọ̀ bá wà nígbà tí ẹ pe mákírò ni Excel yóò ti kà. Bí ó bá wà ní A20, ẹ máa rí ohun ìyanu nínú Manage Rules: `=$E1048566<40`. Fọ́múlà náà ti gba orí ìwé kọjá, ó sì yọ jáde nísàlẹ̀, nítorí pé ìlà 1048576 ni ìwé Excel parí sí. Nọ́ḿbà gàgàrà bẹ́ẹ̀ nínú òfin ni àmì tó dájú jù lọ pé ibi tí kásọ̀ wà ló fa wàhálà.

Ẹ tẹ A5, ẹ ṣí Home, Conditional Formatting, Manage Rules, kí ẹ fi ojú ara yín rí fọ́múlà tó wà níbẹ̀. Àtúnṣe ọ̀nà kejì yìí jẹ́ ìlà kan ṣoṣo tí ẹ máa fi síwájú Add: `Range("A5").Select`. Select tí gbogbo ayé ń bú wúlò níbí yìí. Ní ti ọ̀nà kìíní, ẹ yí E44 inú ìlà Activate padà sí A5, nítorí pé Select yóò sọ Selection di A5 nìkan.

Àmì dọ́là náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fi máòsì tẹ E5 nígbà tí ẹ ń kọ fọ́múlà, `$E$5` ni Excel máa kọ. Gbogbo kíláàsì á wá máa wo máàkì ọmọ kan: bí òun bá fìdí rẹmi, gbogbo wọn á pọ́n, bí ó bá yege, kò sẹ́ni tó máa pọ́n. Ẹ tẹ F4 lẹ́ẹ̀mejì, yóò di `$E5`. Bí ẹ kò bá fi dọ́là síwájú E rárá, òpó A nìkan ni yóò wo E. B á wo F, C á wo G. Ohun kékeré kan tún wà tó máa ń dà wọ́n láàmú: bí ẹ bá tẹ ọfà orí kíbọ́ọ̀dù nínú àpótí fọ́múlà náà, yóò fi àdírẹ́sì sẹ́ẹ̀lì mìíràn há inú rẹ̀. Ẹ tẹ F2 kí ẹ tó lo ọfà.

Nọ́ḿbà 1 inú àkámọ́

`FormatConditions(1)` túmọ̀ sí òfin tó wà lókè pátápátá. SetFirstPriority ló gbé òfin tuntun lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ìlà yẹn kò wúlò, tó pa á rẹ́, yóò rí i pé àwọ̀ tuntun bọ́ sórí òfin àtijọ́, òfin tuntun kò sì ní àwọ̀ kankan. Ẹ fi sílẹ̀, àbí kí ẹ lo ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ tí kò nílò nọ́ḿbà rárá.

Nítorí gbígbé sókè yìí kan náà, òfin tí ẹ gbà sílẹ̀ kẹ́yìn ló máa ń borí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe pupa fún èyí tó dín sí 40, kí ẹ tó wá ṣe yẹ́lò fún èyí tó dín sí 50, ẹni tó gba 31 á di yẹ́lò, nítorí 31 náà dín sí 50. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó gbòòrò, kí ẹ parí sí èyí tó há.

Òfin tún máa ń jọ gègèrè. Ìgbàkígbà tí ẹ bá pe mákírò, òfin kan tún gun orí èyí tó wà níbẹ̀. Lójú, kò sí ìyàtọ̀. Fáìlì ni yóò máa wúwo, tí kò ní tètè ṣí mọ́. Ẹ tẹ Ctrl+G nínú ojú ewé kóòdù, ẹ kọ `?Range("A5").FormatConditions.Count`, kí ẹ tẹ Enter. Bí 37 bá jáde níbi tó yẹ kí 1 wà, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dà tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú ìwé náà máa ń dá kún un, nítorí pé ó ń gbé òfin tirẹ̀ wọlé. Ctrl+Alt+V, V, Enter ni kí ẹ máa fi lẹ máàkì, kí nọ́ḿbà nìkan wọlé.

Nígbà tí kóòdù kò lẹ́bi: máàkì ni

Sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo jẹ́ 0 lójú Excel, 0 sì dín sí 40. Nítorí náà ọmọ tí a kò tíì tẹ máàkì rẹ̀ máa ń pọ́n pẹ̀lú àwọn tó fìdí rẹmi.

Èyí tó burú jù ni máàkì tó jẹ́ ọ̀rọ̀, tí kì í ṣe nọ́ḿbà. Ó sábà máa ń ní igun kékeré aláwọ̀ ewé lókè sẹ́ẹ̀lì, ó sì máa ń fara ti apá òsì. Lójú Excel, ọ̀rọ̀ tóbi ju nọ́ḿbà èyíkéyìí lọ: "31" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kò dín sí 40 láé, ó tilẹ̀ ju 75 lọ. Bí ẹ bá sì fi SUM ro C àti D pọ̀, SUM á fo èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ láìsọ nǹkan kan: ọmọ tó gba 25 àti 37 á jáde pẹ̀lú 37 dípò 62. Ẹ yan òpó C, ẹ lọ sí Data, Text to Columns, kí ẹ tẹ Finish lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún D. Èyí tó bá ṣì takú lẹ́yìn náà, ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ lẹ́tà O ni wọ́n tẹ̀ dípò òdo.

Ẹ̀yà tó ṣeé gbé lọ sí kíláàsì èyíkéyìí

```
Sub KunMaaki()
    Dim oju As Worksheet, opin As Long
    Dim agbegbe As Range, ofin As Object

    Set oju = ActiveSheet
    opin = oju.Cells(oju.Rows.Count, "B").End(xlUp).Row
    If opin < 5 Then Exit Sub

    oju.Range("A5:E" & oju.Rows.Count).FormatConditions.Delete
    Set agbegbe = oju.Range("A5:E" & opin)
    oju.Range("A5").Select

    Set ofin = agbegbe.FormatConditions.Add( _
        Type:=xlExpression, _
        Formula1:="=AND(COUNT($C5:$D5)=2,$E5<40)")
    ofin.Interior.Color = RGB(255, 199, 206)
    ofin.Font.Color = RGB(156, 0, 6)
    ofin.StopIfTrue = False
End Sub
```

Òpó B, níbi tí orúkọ wà, ni ó fi ń mọ ọmọ ìkẹyìn. Bí ẹ bá kọ "Ibuwọ́lù tíṣà" sí òpó B nísàlẹ̀, yóò ka ìyẹn mọ́ ọmọ ilé ìwé, nítorí náà ẹ gbé e lọ sí òpó mìíràn. Ó ń pa òfin àtijọ́ rẹ́ títí dé ìsàlẹ̀ kí ó tó kọ tuntun. COUNT ń rí i dájú pé tẹ́ẹ̀sì àti ìdánwò ti wọlé gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà. Ẹni tí wọ́n kọ ABS (kò wá) fún kò ní pọ́n. Nọ́ḿbà àwọ̀ méjèèjì jẹ́ ti pupa fífẹ́lẹ́ àti pupa dúdú tí Excel fúnra rẹ̀ máa ń lò. Bí ẹ bá rí 13551615 àti -16383844 nínú mákírò tí wọ́n gbà sílẹ̀, àwọ̀ kan náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ ewé, RGB(198, 239, 206) ni fún ilẹ̀, RGB(0, 97, 0) fún lẹ́tà.

Bí ó bá dúró lójijì

Ẹ tẹ Debug, ìlà tó di yẹ́lò ni ó ti dúró. Bí ẹ bá fẹ́ rìn ín ní ìlà kọ̀ọ̀kan, F8 ni.

Error 9 túmọ̀ sí pé ó ń wá ojú ìwé tí kò sí. Ó gbà sílẹ̀ pé "JSS 1A", ẹnì kan ti yí i sí "JSS1A". Àlàfo kan ti tó. Error 5 lórí ìlà Add sábà máa ń jẹ́ pé fọ́múlà kò pé: àkámọ́ kan já, tàbí àmì ọ̀rọ̀ inú fọ́múlà kò jẹ́ méjì méjì, `""ABS""` ni a ń kọ nínú kóòdù. Error 1004 ní tirẹ̀ lè ní ìdí púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti fi Protect Sheet ti ìwé náà. Ẹ ní kí ẹni tó tì í bá yín ṣí i.

Bí `Columns("E").Select` bá kun A dé E pọ̀, orúkọ ilé ìwé tí ẹ fi Merge so láti A1 dé E1 ló fà á. Ẹ tú u, kí ẹ lo Center Across Selection nínú Format Cells, Alignment. Yóò wà láàárín bákan náà.

Ti èdè wa ló kù. Ojú ewé kóòdù VBA (èdè tí a fi ń kọ mákírò) kò mọ ẹ, ọ, àti ṣ tó ní àmì nísàlẹ̀, `?` ni yóò fi rọ́pò wọn. Bí òpó F bá ń sọ "Ó fìdí rẹmi" tí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ náà sínú fọ́múlà kóòdù, òfin náà kò ní bá sẹ́ẹ̀lì kankan mu. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí H1 lójú ìwé, kí fọ́múlà jẹ́ `=$F5=$H$1`. Bí ó bá di dandan kó wà nínú kóòdù, ChrW(7865) ni ẹ, ChrW(7885) ni ọ, ChrW(7779) ni ṣ. Kódà lójú ìwé, ẹ ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ H1 sí òpó F dípò kí ẹ tún un tẹ̀: kíbọ́ọ̀dù méjì lè kọ ọ́ kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ojú ènìyàn kò ní mọ̀, Excel á mọ̀.