Oòrùn ń ràn: bí a ṣe ń lò ó, bí a ṣe ń kọ ọ́

Ìwé ètò ni mo máa ń tẹ̀ ní Mọ́kọlá níbí, n'Ìbàdàn: ti ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, ti ọjọ́ ìbí àgbà. Kò sí ọ̀rọ̀ tó tíì ná mi lówó tó "oòrùn ràn". Àwọn ọmọ màmá kan tó pé 70 ọdún ní kí n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé "Oòrùn Màmá wa yóò máa ràn." Ilẹ̀ ti ṣú, oorun ń kùn mí, ọwọ́ mi ṣi àmì gbé. Ohun tó jáde ni "Òórùn Màmá wa yóò máa ràn." 200 ẹ̀dà! Àkọ́bí wọn, tíṣà àtijọ́, kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀bù mi bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó wá wò mí lójú: "Ẹ̀yin bọ̀dá, ṣé Màmá wa kì í wẹ̀ ni?" Owó ara mi ni mo fi tún un tẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé "ràn" gba òórùn náà dáadáa. Nǹkan tó bá ń ràn kì í jókòó síbi tó wà, ó máa ń lọ bá ẹlòmíràn ni. Oòrùn ń ràn, ó bá wa nínú yàrá. Òṣùpá ń ràn, ó bá wa lójúde. Iná ràn mọ́ òrùlé. Ojú pípọ́n tí à ń pè ní Àpólò ń ràn, àwọn ọmọ iléèwé ń kó o ran ara wọn. Tí ẹ bá ti di ìyẹn mú, ẹ ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara nǹkan ni kí ẹ lo "ràn" fún. Ti ooru yàtọ̀: "mú" ni tirẹ̀. Ìyá mi ta èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn òjò, wọ́n á bojú wòta, wọ́n á ní, "Oòrùn ti là, ẹ wá sá iṣu." Nígbà tó bá di ọ̀sán, wọ́n á mú ègé iṣu kan lórí páànù, wọ́n á dá a sí méjì. Tó bá tẹ̀ láìdún, ọ̀rọ̀ wọn kì í yí padà: "Oòrùn yìí kàn ń ràn lásán ni, kò mú." Ìyẹn ni pé iṣu náà máa bu. Lóṣù kejì ọdún, tó bá mú ganrínganrín tó sì kan àtàrí, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó ń ràn mọ́. "Oòrùn pa mí" ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń ta sólà ló tún dá "ràn" padà fún wa: "Oòrùn ò ràn tó lónìí, bátìrì ò lè kún."

"Dán" kì í ṣe ti oòrùn fúnra rẹ̀, ti ohun tí oòrùn ràn sí ni. Ẹ wo gíláàsì fèrèsé Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ilé alájà 26 tí wọ́n ṣí ní 1965: ó máa ń dán gbinrin. "Tàn" gbòòrò ju gbogbo wọn lọ, àtùpà ń tàn, ìròyìn ń tàn kálẹ̀. Inú rẹ̀ la ti rí ìtànṣán. Èyí tó bá kàn yín lára báyìí ti kúrò lára oòrùn ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ó wá ku kíkọ, níbi tí mo ti jìyà. Ẹ fi dò-re-mí kọ ọ́ lórin kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ti ojú ọ̀run, re-dò-dò: oòrùn. Ti imú, dò-mí-dò: òórùn. Ti orí bẹ́ẹ̀dì, re-re-re: oorun. Tí àgbàlagbà kan bá gbé "õrùn" wá fún yín, ẹ má bá a jà, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú Bíbélì àtijọ́. Àkọtọ́ 1974, ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá, ló ní ká kọ fáwẹ̀lì méjèèjì jáde.

"Ràn" náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ohùn òkè sọ oòrùn di télọ̀: "oòrùn rán." Ohùn ìsàlẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ó máa di ohùn àárín: "ràn mí lọ́wọ́", àmọ́ "ran ọmọ lọ́wọ́". "Oòrùn ràn sí ilé" kò yí padà, torí "sí" wà láàárín wọn. Àwọn oníbàárà mi kan máa ń bínú pé mo gbàgbé àmì lórí "ran ọmọ". N kò gbàgbé o.

Lẹ́yìn ti màmá yẹn, ọmọ iṣẹ́ mi ni mo ń pè kó ka gbogbo rẹ̀ sókè kí bébà tó wọ ẹ̀rọ. Tó bá rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà.